Ta ló se oúnjẹ fídáù màmá àgbà? Èsì mi rèé, towó-towó, tàléébù-tàléébù

Ó ti sú mi láti máa dá èèyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ síra yín. Àwọn tó se oúnjẹ fídáù màmá àgbà kì í ṣe kátárà Ìbàdàn o, kì í ṣe àwọn tó máa ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ kúlà tí wọ́n á máa ya fọ́tò ìrẹsì kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Ìyá abúlé ni wọ́n, lápá Ìwó lọ́hùn-ún. Wọn ò ní sáìnbọ́ọ̀dù, wọn ò sí lórí Instagram, àwọn kan nínú wọn ò tiẹ̀ ní fóònù tó ń gbé WhatsApp. Àwọn kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń rò. Torí ìyẹn gan-an la ṣe pè wọ́n, oúnjẹ tó dùn yẹn, èènì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa mọ bó ṣe rí. Alhaja ni màmá àgbà, ó lọ Mẹ́kà, ó sì ń lọ sí àsàlátù títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un. Àmọ́ nínú àwọn ọmọ tó bí, àwọn kan ti di onígbàgbọ́, ìyá tèmi wà nínú wọn, àǹtí mi àgbà kan sì jẹ́ ìyàwó pásítọ̀. Látọjọ́ yìí kò sí wàhálà kankan, bí Iléyá bá dé a jẹ ẹran, bí Kérésì bá dé a jẹ ìrẹsì, màmá àgbà fúnra ẹ̀ ló máa ń ra bàtà Kérésì fún wa ní kékeré. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán tó wá ku fídáù ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Àǹtí mi ní àwọn ará ìjọ òun ń bọ̀ wá bá òun kẹ́dùn, wọn ò sì ní jẹ ẹran tí àlùfáà bá pa, pé Bíbélì ti sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí wọ́n fi rúbọ. Bùọ̀dá mi kan náà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣòkòtò kúrú tó dá irùngbọ̀n sí, ní òun ò lè jẹ ohun tí ọwọ́ kèfèrí bá rò. Kèfèrí! Ìyá tèmi tó ń pè ní kèfèrí yẹn ló pọ̀n ọ́n dàgbà o. Ilé bá gbóná, ẹnì kan ní ká se ìkòkò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òmíì ní ká kúkú ta kánópì méjì. Ẹ gbọ́ ná, kánópì méjì fún òkú ìyá kan.

Ẹnì kan tó fẹ́ ìyàwó láti Ìwó ló ní àwọn ìyá kan wà tí gbogbo ilé tó ní irú ìjà yìí máa ń pè. Owó iṣẹ́ wọn jẹ́ ₦180,000 fún nǹkan bí igba èèyàn, àwa la ra gbogbo èròjà, àwọn gbé ìkòkò, àdógán, orógùn àti ìjábẹ̀ tiwọn wá. Kátárà ìgboro tá a kọ́kọ́ bi léèrè ń pe ìlọ́po méjì ẹ̀, kò sì tíì ka owó igi ìdáná mọ́ ọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ní àwọn ò ní gba kọ́bọ̀ títí àwọn á fi wá rí ilé. Àwọn méjì ló wá. Ọ̀kan wọ híjáàbù gígùn, èkejì wé gèlè ó so báàjì ẹgbẹ́ W.M.U. mọ́ àyà, ìyẹn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi (wọ́n pọ̀ ní Ìwó dáadáa, àwọn ló ni Yunifásítì Bowen tó wà níbẹ̀). Mo ti gbé bírò àti ìwé, mo rò pé iye kọ́ńgò ìrẹsì ni wọ́n fẹ́ bi wá. Ìyá oníhíjáàbù jókòó, ó mu omi, ó nu ẹnu, ó ní: "Ta ló ń bínú sí ta nínú ilé yìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí àmọ́ màmá yẹn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi wá tán pátápátá: ta ló fẹ́ pa ẹran, ibo lẹ fẹ́ pa á sí, ṣé ẹnikẹ́ni ń gbé ọtí bọ̀, pásítọ̀ àti àlùfáà tó ń bọ̀ ṣé wọ́n mọra àbí wọn ò mọra, ta ló máa mú máíkì, àwọn àna yín ń kọ́, ẹ̀sìn wo ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ò tíì wọlé rárá. Mo ti bá kátárà tó pọ̀ ṣiṣẹ́ rí nínú ẹbí yìí, kò sí èyí tó bi mí ní ìdajì ẹ̀.

Lórí ẹran, wọ́n ní ká má so màlúù kankan mọ́ ojúde. Màlúù tí gbogbo èèyàn bá ti rí láàyè, gbogbo èèyàn ló máa ní nǹkan tí wọ́n máa sọ nípa bó ṣe kú. Kẹ́ ẹ ra ẹran alápatà lọ́jà, kó ti di gígé kó tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa àgbò sàárà, ẹ pa á lẹ́yìnkùlé, ìkòkò tiẹ̀ á dá wà, ẹni tó bá wù kó jẹ níbẹ̀. Àǹtí mi mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ò tíì tán níbẹ̀ yẹn. Ìyá W.M.U. bá yíjú sí i, pẹ̀lẹ́-pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́ o: "Ẹ jọ̀ọ́ màmá ìjọ, ẹran tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́jà látọjọ́ yìí, ta lẹ rò pé ó ń pa á? Díákónì ni?"

Àǹtí mi dákẹ́. Àwa yòókù ń wo ilẹ̀. Torí òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ọjà nílẹ̀ Yorùbá, Mùsùlùmí ni àwọn alápatà, Bísímílà ni wọ́n fi ń pa màlúù, gbogbo wa la ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pásítọ̀ àti bíṣọ́ọ̀bù ń jẹ ẹ́.

Ti bùọ̀dá mi, ìyá oníhíjáàbù ló gbà á mú. Ó ka Súrà Máídà, ẹsẹ karùn-ún, Lárúbáwá ẹ̀ jáde geere kó tó túmọ̀ ẹ̀, pé Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ní oúnjẹ àwọn tá a fún ní tírà, ìyẹn àwọn Júù àti Kristẹni, jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa. Bùọ̀dá mi ya ẹnu fẹ́ jiyàn. Màmá ò tiẹ̀ dúró gbọ́, ó ní òun fẹ́ kó jẹ́ pé bùọ̀dá mi gan-an ló máa tẹ̀ lé àwọn lọ sọ́dọ̀ alápatà lọ ra ẹran, kó fojú ara ẹ̀ rí i, kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ló máa wá ròyìn fún un. Ó lọ o! Ó tún bá wọn dúnàá-dúrà dáadáa, ó dín owó wa kù. Láti ìgbà yẹn ó ti di "ẹran wa," kò sẹ́ni tó gbọ́ kèfèrí lẹ́nu ẹ̀ mọ́ títí a fi ṣe tán.

Alẹ́ tó ṣáájú fídáù ni wọ́n dé, wọ́n sùn sẹ́yìnkùlé lórí ẹní. Oorun ò kùn mí, mo wà lójú fèrèsé, mo rí gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe pe ìrun àsùbáà, àwọn kan dìde lọ ṣe àlùwàlá, àwọn tó kù fa igi síta kí iná ọbẹ̀ má le jù. Nígbà tí àwọn yẹn kírun tán tí wọ́n padà sídìí ìkòkò, àwọn onígbàgbọ́ náà kóra jọ sí ìdí ògiri, wọ́n kọrin àdúrà òwúrọ̀ tiwọn, wọ́n rọra kọ ọ́ ni. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún ẹnì kan, kò sẹ́ni tó wo aago. Ó ti mọ́ wọn lára.

Oúnjẹ ń kọ́? Ìrẹsì àsè yẹn, èéfín igi wọ inú ẹ̀ bó ṣe yẹ kó wọ̀, hóró ẹ̀ dá dúró, ata ò ta jù. Àmàlà ò ní kókó kankan. Gbẹ̀gìrì ni kẹ́ ẹ bi mí, ẹ̀wà tí wọ́n bó dáadáa tí èèpo kankan ò sí níbẹ̀, ewédú sì rèé, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ja á kì í ṣe ẹ̀rọ, ẹ ẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ẹ̀fọ́ rírò náà ní irú tó tó, wọn ò fi màgí bò ó mọ́lẹ̀. Ẹran ò tóbi, mo gbà, àmọ́ ó kárí, mi ò tíì rí òde kan nílé wa tí ẹran ti kárí rí, torí wọ́n kà á kó tó wọ ìkòkò, wọ́n sì tún kà á nígbà tó ń jáde, ọmọ tó lọ tọrọ ẹran lẹ́ẹ̀kejì lábẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ gba àbàrá.

Bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ gan-an ní ọgbọ́n nínú. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, oníhíjáàbù kan onígèlè kan, sí gbogbo tábìlì. Torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé oúnjẹ tèmi ọwọ́ báyìí ló ti wá.

Ibi tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ máíkì, àwọn ìyá yìí sì ti fura sí i látọjọ́ tí wọ́n wá wo ilé. Àlùfáà àgbà ti ṣe wáàsí, wọ́n ti ka àdúrà fídáù tán, ni pásítọ̀ ọkọ àǹtí mi bá dìde pé òun náà fẹ́ gbàdúrà fún àwọn ọmọ olóògbé. Àwọn ọmọkùnrin kan lábẹ́ kánópì bẹ̀rẹ̀ sí kùn, ọ̀kan pariwo pé fídáù lèyí o kì í ṣe ìsìn ìdúpẹ́, ẹni tí máíkì wà lọ́wọ́ ẹ̀ gbá a mọ́ àyà. Àwọn ará ìjọ náà ti ń dìde. Mi ò mọ ẹni tó ṣẹ́jú sí ta, oúnjẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni, láìjẹ́ pé alága kéde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ó yá. Ìyá méjì yẹn gbé tírè lọ bá àlùfáà àgbà àti pásítọ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé àwo méjèèjì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́lẹ́, kí ẹnì kan má baà sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Ìyá W.M.U. ló gbé ti àlùfáà, oníhíjáàbù ló gbé ti pásítọ̀, òun ló sì la ohùn: "Bàbá, ẹ bá wa gbàdúrà sí oúnjẹ kó tó tutù." Kí ni pásítọ̀ fẹ́ ṣe? Ó jókòó, ó gbàdúrà sí oúnjẹ, ó fi tàwọn ọmọ olóògbé kún un, ẹnu lásán ló fi gbà á, láìsí máíkì, àwọn tó wà nítòsí ṣe àmín, àlùfáà àgbà náà ṣe àmín, ó bu òkèlè. Àwọn tó ń kùn yẹn ti ní àmàlà lọ́wọ́. Máíkì wà níbi tó wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó fẹ́ ọkọ sí Jos jókòó tì mí, ó ń wo gbogbo ẹ̀, ó ń mi orí. Ó ní láti ìgbà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Jos lóṣù kẹsàn-án ọdún 2001, tó tún bẹ́ ní 2008 àti 2010, àdúgbò ti pín, ti onígbàgbọ́ lọ́tọ̀, ti Mùsùlùmí lọ́tọ̀, àwọn ibì kan wà tí òun ò lè gbà kọjá bílẹ̀ bá ṣú. Ó ní àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kọjá, Pásítọ̀ Esther Ibanga kó àwọn obìnrin onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí jọ sínú ẹgbẹ́ Women Without Walls ní 2010, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Niwano ti Japan ní 2015. Ó ní àwọn tibẹ̀ ń sapá kí wọ́n tó lè jókòó sí yàrá kan náà, àwa tá a jọ jáde nínú ikùn kan wá ń wá kánópì méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju wáàsí lọ, àlùfáà á dárí jì mí.

Lẹ́yìn òde mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò, torí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kò sí bíbẹ̀rẹ̀ kankan, aládùúgbò ni wọ́n, wọ́n jọ ń dá èésú, wọ́n jọ ń lọ sóde ni. Àmọ́ wọ́n ní ọdún 2016 ló jẹ́ káwọn èèyàn máa dìídì wá wọn. Ẹ rántí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ilé ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù nílé ìwé ìjọba ní Ọ̀ṣun, CAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, ní àwọn ò gbà, àwọn ọmọ Kristẹni kan bá ń wọ aṣọ kọ́yà àti sùtánà lọ sílé ìwé ní Ìwó, ìròyìn gbé e káàkiri ayé. Àárín Ràmàdáánì ló bọ́ sí, inú ti ń bí oníkálukú tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá méjèèjì yìí ní ọmọ nílé ìwé kan náà nígbà yẹn, ọ̀kan wọ híjáàbù, ọ̀kan wọ aṣọ kọ́yà, àwọn ìyá wọn jọ mú wọn lọ láàárọ̀, wọ́n sì jọ dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì lọ́sàn-án. Mo bi wọ́n pé ṣé nǹkan kan ṣe àwọn ọmọ náà. Ìyá W.M.U. ní rárá, ooru nìkan ló fẹ́ pa tòun.

Wọ́n tún sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nínú Ràmàdáánì àwọn onígbàgbọ́ ló máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ tó. Ó wá di ọdún 2025, Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọjọ́ karùn-ún oṣù náà ni ààwẹ̀ Lẹ́ńtì wọlé, àwọn ìyá Kátólíìkì àti Áńgílíkà inú wọn náà bá pa ẹnu dé. Gbogbo ìkòkò tí wọ́n gbé kaná lóṣù yẹn, ìyá W.M.U. nìkan ló ń tọ́ ọ wò. Ó ní òun sanra.

Ó yá, àléébù wọn. Mọ́ínmọ́ín pẹ́ jù. Nígbà tó fi jinná, àwọn àlejò tó wá láti Èkó ti wọ ọkọ̀, àwa ará ilé la jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ìdí ẹ̀ ni pé wọn kì í lo ọ̀rá tàbí agolo, ewé nìkan, ewé tí wọ́n gbé wá ò sì tó. Wọn ò ní rìsíìtì, ìwé ọmọ ilé ìwé kan ni wọ́n ń kọ ìṣirò sí, ẹ fi fóònù ya á kẹ́ ẹ tó san bálánsì, kì í ṣe pé wọ́n ń jalè o, ọ̀rọ̀ èròjà ló máa ń díjú. Wọn ò gba trànsífà tó bá ti dalẹ́. Ẹnu wọn náà ò dákẹ́, tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń dúró lórí alásè pàṣẹ, wọ́n á lé yín, wọ́n lé àǹtí mi lẹ́ẹ̀mejì. Tọtí ńkọ́, wọn kì í gbà á wọ ibi tí wọ́n bá ti ń dáná, àwọn àna wa tó gbé bíà wá ní láti lọ mu ún ní òdìkejì títì, inú wọn ò dùn. Lójú tèmi ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kó má baà jẹ́ ọjọ́ òde lẹ ẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n sì lè kọ iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti dá owó ilé kan padà rí torí àwọn ọmọ olóògbé ṣì ń gbé ara wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé ẹ lọ parí ìyẹn ná.

Ohun kan ń dùn mí nípa wọn tí kò kan oúnjẹ. Lókè lọ́hùn-ún a ní NIREC, ìgbìmọ̀ Mùsùlùmí àti Kristẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, Sultan Sókótó àti ààrẹ CAN ló jọ ń ṣe alága ẹ̀, ó dáa. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá yìí náà, tí àwọn bàbá bá fẹ́ ṣe ìpàdé àlàáfíà láàárín ẹlẹ́sìn, wọ́n á pè wọ́n wá, àmọ́ kí wọ́n wá dáná ni. Kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n fà síwájú jókòó. Mo bi ìyá oníhíjáàbù bóyá kò dùn ún. Ó ní, "Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kí ọbẹ̀ tó jinná wọ́n á ti jà tán." Òun fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò gbà. Ẹni tó mọ̀ pé àwo méjì gbọ́dọ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà yẹ kó wà nínú yàrá yẹn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́bí yín bá jẹ́ ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo tẹ́ ẹ kàn fẹ́ oúnjẹ tó dáa, kátárà pọ̀ nílùú, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ rìn jìnnà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ní fídáù, ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ tí ẹ̀gbẹ́ kan á ka Fátíhà tí ẹ̀gbẹ́ kejì á kọ orin ìyìn, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n ṣáájú kẹ́ ẹ tó máa pín ìwé ìpè. Ẹ má bá wọn sọ ọjọ́ Sọ́ńdè àárọ̀, àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan wà ní àsàlátù, wọn kì í dáná ṣáájú ọ̀sán. Ẹ tún kíyè sí ọdún, Iléyá 2025 bọ́ sí Fúráìdè ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n ní àwọn ò rí ibi fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní kọ ọ́ síta torí àwọn ọmọ yahoo, ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí.